Irun Ìyá Ọmọ Tó Ń Jábọ́: Ta Ló Jẹ̀bi?

Aṣákẹ́ Ìyá Ìkókó: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́rin. Irun orí mi ń jábọ́ débi pé bí mo bá fi òòyà kàn án, òòyà á kún. Mo ń rí i lórí ìrọ̀rí, mo ń rí i lára aṣọ ọmọ. Ìyá ọkọ mi ní ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló dirun fún mi nígbà ìkómọjáde, pé wọ́n ti fi irun mi ṣe nǹkan. Àbúrò ọkọ mi ní rílásà ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àbẹ̀kẹ́ Onídìrí: Kí irun obìnrin sá ti já, àwa onídìrí ló kàn! Lóòótọ́, àwọn kan nínú wa máa ń fà á jù, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ìfàjù bá fà, ẹ̀bátí àti iwájú orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí kóró wẹ́wẹ́ ní ìdí irun, orí fífọ́ ò sì ní jẹ́ kí onítọ̀hún sùn lálẹ́ ọjọ́ tó dì í. Àbúrò mi, bó bá jẹ́ gbogbo orí ni tìẹ ti ń já, kì í ṣe ọwọ́ onídìrí.

Bàbá Ìbejì: Ẹ má gbèjà ara yín jù. Òwú ni àwọn ìyá wa fi ń kó irun, àdín àti òrí ni wọ́n fi ń pa á, irun wọn sì kún. Ìgbà tí rílásà, wíígì àti àtáṣímẹ́ǹtì dé ni orí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pá.

Nọ́ọ̀sì Moróunkẹ́jì: Irun àwọn ìyá wa náà ń já lẹ́yìn ìbímọ, Bàbá Ìbejì. Gèlè ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Aṣákẹ́, nígbà tí oyún wà nínú, họ́mónù oyún kì í jẹ́ kí irun tó yẹ kó já já. Lẹ́yìn ìbímọ, họ́mónù yẹn á lọ sílẹ̀, gbogbo irun tó ti ń dúró á wá já pọ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀, ti ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń kún padà bí ọmọ bá fi ń pé ọdún kan. Ibà líle, iṣẹ́ abẹ, ìbànújẹ́ ńlá, àti ebi tí àwọn kan fi ń pa ara wọn kí wọ́n lè di tẹ́ẹ́rẹ́, bákan náà ni: oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni irun á tó máa já. Nígbà yẹn a ti gbàgbé ibà, ẹni tó fọwọ́ kan orí wa kẹ́yìn la ó máa bá wí. Ẹni tára rẹ̀ le pàápàá, irun 50 sí 100 ló ń já lórí rẹ̀ lóòjọ́.

Ìyá Tọ́lá: Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "á padà" tu gbogbo wa nínú. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn. Ọmọ rìn, ọmọ sáré, irun ṣì ń já. Fáíbírọ́ọ̀dù ló jẹ́ kí nǹkan oṣù mi máa dà bí omi. Òyì ń kọ́ mi, yìnyín ni mo sì ń run ṣáá látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, irin inú ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo lo oògùn irin pẹ́ kí irun tó hù.

Bàbá Ìbejì: Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ṣé mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ò tó?

Nọ́ọ̀sì Moróunkẹ́jì: Kò tó o. Mílíìkì tiẹ̀ ń dí irin lọ́nà kó wọ ara ni, tíì náà ń dí i. Ẹni tó ń lo oògùn irin, kó má fi ìkankan nínú wọn gbé e mì. Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹ̀wà, kẹ́ ẹ fi ọsàn lé e.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ táírọ́ọ̀dù, ibi ọ̀fun tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Bó bá ṣiṣẹ́ jù tàbí tí kò ṣiṣẹ́ tó, irun á máa já, ó sì lè dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Òtútù ń mú ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án gangan, irun òkè ojú rẹ̀ ń tán láti apá etí. Bíótìnì, fítámì tí wọ́n ń tà fún irun, ló ń gbé mì. Àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní 2017 pé bíótìnì lè mú kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mú èsì tí kì í ṣòótọ́ wá, ti táírọ́ọ̀dù sì wà lára wọn. Ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, Peckham: Ẹ jẹ́ kí n sọ irú tèmi, torí òun ni kì í padà. Àárín àtàrí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ̀ lọ síta. Ó ń yún mi, ó ń ta mí, awọ ibẹ̀ wá ń dán. Dókítà awọ ara gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ó ní CCCA ni, irun jíjá tó ń ti àárín orí bẹ̀rẹ̀ tó sì ń dá àpá sílẹ̀. Ihò tí irun ti ń hù ti di àpá. Oògùn lè dá a dúró, kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Àwa obìnrin dúdú ló sì ń ṣe jù. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá: ẹni tí àtàrí ń ta, tó jókòó ti àdín, ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Kóòmù gbígbóná nìyẹn! Ohun tí mo ń sọ náà ni.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, Peckham: Ohun tí àwọn dókítà náà kọ́kọ́ sọ ní 1968 nìyẹn, orúkọ kóòmù gbígbóná ni wọ́n fi pè é. Nígbà tó yá, wọ́n rí i lórí àwọn obìnrin tí kò lo kóòmù bẹ́ẹ̀ rí. Ní 2019, àwọn olùwádìí rí àyípadà nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ PADI3 lára àwọn kan tó ní i. Ó ń bá ìdílé rìn nígbà míì. Mi ò sọ pé ká máa fi iná jẹ orí wa níyà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bú obìnrin pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, ó ń dùn mí.

Dúpẹ́: PCOS, àìsàn tí họ́mónù obìnrin fi ń dàrú, náà wà ńbẹ̀ o. Irun orí á máa fẹ́lẹ́, irun àgbọ̀n á máa hù, nǹkan oṣù á máa fo oṣù.

Ìyá Àgbà Ọ̀ṣogbo: Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ọmọ yìí ṣeré. Ayé wà. Ẹ jẹ́ kó gbàdúrà.

Nọ́ọ̀sì Moróunkẹ́jì: Kó gbà á, màmá. Kó sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà.

Aṣákẹ́ Ìyá Ìkókó: Gbogbo orí ni tèmi, kò yún, kò ta. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lára mi lọ́jọ́ ìbímọ pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo PCV mi, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, lẹ́yìn náà, wọ́n ní ó dára.

Àbẹ̀kẹ́ Onídìrí: Kí èsì tó dé, ẹ jẹ́ kí rílásà sinmi, mo gbà fún Bàbá Ìbejì níbẹ̀. Dídì ńlá ńlá ni kí wọ́n bá ẹ dì, kó má fún, má fi àtáṣímẹ́ǹtì sí i.

Nọ́ọ̀sì Moróunkẹ́jì: Aṣákẹ́, PCV lè dára kí irin tí ara fi pamọ́ sì ti gbẹ. Bó o bá gbé ọmọ lọ gbabẹ́rẹ́ àjẹsára, ní kí wọ́n wo ferritin rẹ, òun ló ń fi irin tí ara fi pamọ́ hàn, àti táírọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá ní PCV nìkan ti tó, ní kí wọ́n kọ ọ́ fún ẹ, kó o gbé e lọ sí lábù fúnra rẹ.