Ẹ̀yin Onífọ́tò Èkìtì, Ẹ Tẹ Káàdì, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Tẹ Ẹgbẹ̀rún

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ onífọ́tò tó ń sọ pé káàdì tí a ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà wa sí fún oníbàárà ti di ohun àtijọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún yín: ta ló ń sanwó fún yín? Mi ò béèrè ẹni tó ń tẹ láìkì o. Ẹni tó ń sanwó ni mo béèrè.

Ní ti èmi, owó tó nípọn jù nínú iṣẹ́ yìí ní Èkìtì, ìsìnkú àgbà ló ti ń wá, kí ìgbéyàwó tó tẹ̀ lé e. Bàbá papò dà ní Ìjerò tàbí ní Ọ̀tùn, àwọn ọmọ á rọ́ wálé láti Èkó, láti Àbújá, láti òkè òkun. Wọ́n á ṣe àìsùn, wọ́n á sin bàbá, wọ́n á jó, wọ́n á dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mọ́tò wọn á sì ti kọrí sọ́nà kí oúnjẹ ìdúpẹ́ tó tutù. Ẹni tó máa sọ lọ́dún tó ń bọ̀ pé “ẹ bá wa wá onífọ́tò ọjọ́sí yẹn” ni àkọ́bí obìnrin ilé náà, ẹni ọgọ́ta ọdún, tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìsìnkú. Àwọn méjèèjì ò mọ̀ pé ẹ wà lórí Instagram. Wọn ò sì ní wá yín débẹ̀.

Ẹnì kan á ní, “Ṣebí mo máa fún wọn ní nọ́ńbà mi.” Ó dáa. Nínú ariwo ìlù àti ẹ̀rọ tó ń ké, tí fóònù màmá ti kú láti àárọ̀, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà. Ká tiẹ̀ ní wọ́n rí i kọ, kí ni wọ́n fi máa tọ́jú rẹ̀? “Fọ́tò.” Ẹ yẹ fóònù ẹnikẹ́ni tó ń ṣòde dáadáa wò: “Fọ́tò”, “Fọ́tò Adó”, “Fọ́tò 2”, “Fọ́tò ọmọ dúdú”. Òde kì í mọ orúkọ wa. “Fọ́tò! Fọ́tò! Ẹ wá ya àwa àti àwọn àna wa!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè wá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Káàdì pélébé yẹn, kọ́mpílímẹ́ńtárì tí àwọn kan ń pè ní kọ́ńpílì, iṣẹ́ tó ń ṣe ò ju pé kí ó fi orúkọ rọ́pò “Fọ́tò”. Iṣẹ́ ńlá sì ni.

Àwọn tó ṣí ìsọ̀ fọ́tò ṣáájú wa mọ èyí. Ẹ yí àwọn fọ́tò dúdú-àti-funfun inú álíbọ́ọ̀mù ìyá yín sẹ́yìn, ẹ máa rí òǹtẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn: orúkọ sítúdíò, àdúgbò, ìlú, nígbà mìíràn nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fọ òmíràn fún òun á wo ẹ̀yìn èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì mọ ibi tí yóò gbà. Ọdún 2001 ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà. Kó tó dé, òǹtẹ̀ yẹn ni fóònù wọn.

Àwọn ara Faransé náà ṣe é ṣáájú. Ní 1854, onífọ́tò kan ní Paris tó ń jẹ́ Disdéri gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tó dá: ó ń ya fọ́tò kéékèèké mélòó kan sórí gíláàsì kan ṣoṣo, á gé wọn, á sì lẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí kékeré tó tó káàdì àbẹ̀wò. Fọ́tò ọ̀hún fúnra rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mìlímítà 54 sí 89 lọ, orúkọ sítúdíò sì sábà máa ń wà lẹ́yìn páálí náà. Ẹ wá gbé káàdì òde òní tì í, ínǹṣì 3.5 sí ínǹṣì 2, ìyẹn mìlímítà 89 sí 51. Ìwọ̀n méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba pátápátá. Kò yẹ kí iṣẹ́ wa àti káàdì jẹ́ àjèjì síra wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí káàdì, ẹ ṣe òǹtẹ̀ tàbí sítíkà tó máa wà lẹ́yìn gbogbo fọ́tò tó bá jáde lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ òǹtẹ̀, ẹ béèrè yíǹkì tó ń tètè gbẹ, torí ẹ̀yìn pépà fọ́tò òde òní kì í fa yíǹkì bíi ti àtijọ́. Ó lè ra mọ́ ojú fọ́tò tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí àbùkù wá bá iṣẹ́ yín. Sítíkà kékeré sàn jù lójú tèmi. Ẹ wo àwọn tí a máa ń fojú tín-ín-rín, àwọn tó ń ya èèyàn láìbéèrè lóde, tí wọ́n á sáré lọ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́nu géètì kí ayẹyẹ tó parí. Àwọn kan nínú wọn kì í gbàgbé láti kọ nọ́ńbà sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ̀yin tó ru kámẹ́rà olówó ńlá dà?

Ó kù ẹni tó yẹ ká fún. Mo rí àwọn ará wa tí wọ́n ń fi káàdì sórí gbogbo tábìlì lóde, méjìméjì, mẹ́tamẹ́ta, bí ẹni ń pín ẹ̀bùn òde. Wọ́n á fi yọ ẹran nínú eyín. Wọ́n á fi nu ọbẹ̀ tó ta sórí aṣọ. Àwọn tó ń kó àwo á gbá a dànù pẹ̀lú egungun adìyẹ. Ẹni tó béèrè ni ká fún, àti àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ló ń bí tiwa. Alága ìdúró àti alága ìjókòó mọ ìyàwó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń yá ìlú ní kánópì àti àga ti mọ òkú tí wọ́n fẹ́ sin ní Ìkéré kí ìwé ìkéde tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni tó ń wé gèlè, ẹni tó ń ṣe kéèkì, ẹni tó ń ṣe ojú lọ́ṣọ̀ọ́, ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ayẹyẹ, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ fún wọn ní márùn-ún márùn-ún, ẹ sì béèrè tiwọn náà. Àwọn wọ̀nyí ni oníbàárà máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé, “Ǹjẹ́ ẹ mọ onífọ́tò kan?” Bí wọ́n bá ní káàdì yín nínú àpò, wọn ò ní máa wá fóònù kiri.

Ibo la ti ń tẹ̀ ẹ́? Ibi tí ìjà wà nìyí, torí ọ̀pọ̀ ló gbà pé ohun tí wọn ò bá tẹ̀ ní Èkó kò lè dáa.

Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún káàdì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo gbà, ẹ lọ sí Ṣómólú l'Ékòó tàbí Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ńlá ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe pílétì fún, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbé àwòrán káàdì sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Owó pílétì kan náà ni ẹ máa san, bí ẹ tẹ ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún, ìdí nìyẹn tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi ń rọjú bí iye rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀. Ta wá ni nínú wa tó nílò ẹgbẹ̀rún? Nígbà tí wọ́n ń dí láìnì tí kò so mọ́ NIN ní 2022 àti ní 2024, mo rí àwọn tí páálí káàdì kún abẹ́ tábìlì wọn, tí nọ́ńbà orí rẹ̀ ò sì pe ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n wá ń fi bírò pa á, wọ́n ń kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Onífọ́tò tó ní ojú òun mú, ó ń pín káàdì tí wọ́n fi bírò pa rẹ́.

Ọgọ́rùn-ún tó. Fún ọgọ́rùn-ún káàdì, àwọn tó ń tẹ DI ní Adó lè ṣe é dé ojú àmì. Ẹ yí Òkèṣà àti agbègbè Fájuyì po, ẹ máa rí wọn. DI kò nílò pílétì. Láti inú kọ̀ǹpútà ló ti ń bọ́ sórí páálí tààrà. Páálí A3 kan á gba nǹkan bí 20 sí 24 káàdì, nítorí náà páálí márùn-ún ti mú ọgọ́rùn-ún yín jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò sì rò rèé: níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí pílétì, kò pọn dandan kí gbogbo káàdì orí páálí kan rí bákan náà. Ẹ lè fi fọ́tò ogún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ síbẹ̀, ìyàwó níhìn-ín, arúgbó níbẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ní EKSU tàbí ní FUOYE, ijó ọjọ́ ọdún Udiroko, láìfi kọ́bọ̀ kún un. Moo, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní London, ti sọ èyí di òwò: fọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà lọ́hùn-ún máa ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lè ṣe é ní Òkèṣà kí ọ̀sán tó pọ́n. Tí ẹ bá fún ẹni tó ń bọ̀ wá sin bàbá rẹ̀, ẹ yọ èyí tó ní fọ́tò ìsìnkú. Tó bá jẹ́ ìyàwó, ẹ mọ èyí tí ẹ máa yọ. Kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú kí ẹ tó gbé e sórí káàdì, ẹ jọ̀ọ́.

Printivo, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2014, náà ń gba iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ Adó fún káàdì àkọ́kọ́ ni pé ẹ lè dúró ti ẹ̀rọ, kí ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan wò. Fún onífọ́tò, ìyẹn ju owó lọ. Ojú fóònù ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù gbé àwọ̀ jáde. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fi yíǹkì mẹ́rin ṣe é. Ohun tó ń tàn lójú fóònù kì í tàn bẹ́ẹ̀ lórí páálí, ara adúláwọ̀ ló sì ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀: ó ń ṣókùnkùn, ó ń di eléèérú. Aṣọ ẹbí aláwọ̀ àlùkò a sì di nǹkan mìíràn. Ẹ tẹ ẹyọ kan, ẹ gbé e jáde síta sínú oòrùn, ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ má fi fáìlì ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹní fi fọ́tò ránṣẹ́, ó máa fún un pọ̀, á sì pa á lára. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì, tàbí kí ẹ mú fíláàṣì dání. Fún ìwọ̀n káàdì yẹn, fọ́tò tí kò tó píksẹ́lì 1050 sí 600 kò ní mọ́ dáadáa. Ẹ fi mìlímítà mẹ́ta kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí abẹ gígé má bàa fi ìlà funfun sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà sún mọ́ etí. Páálí gíráàmù 300 ni kí ẹ béèrè. Èyí tó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ á ká bí ewé nínú àpò agbádá.

Ojú kan ni kí wọ́n fi ọ̀rá bò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà láìdán, torí bírò kì í kọ sára èyí tó ń dán. Ẹ̀yìn yẹn ni ẹ máa kọ ọjọ́ òde wọn sí, àti iye tí ẹ jọ sọ, àti “álíbọ́ọ̀mù kan, fọ́tò ńlá méjì”. Káàdì tí wọ́n ti kọ nǹkan sí lẹ́yìn kì í tètè dé inú pàǹtírí.

Nọ́ńbà ni kó tóbi jù lórí rẹ̀, kó tóbi ju àmì iṣẹ́ yín lọ, kí màmá tó gbàgbé awò rẹ̀ sílé lè kà á. Ẹ kọ ìlú yín. Àwọn orúkọ oyè bíi “Ọ̀gá Àgbà” fún iléeṣẹ́ tí ẹ̀yin nìkan wà níbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi àmì QR sí i fún àwọn ìyàwó àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó dáa, ẹ jẹ́ kó tó sẹ̀ǹtímítà méjì, kó sì gbé wọn lọ tààrà sí WhatsApp yín. Ẹ fi fóònù olówó pọ́ọ́kú dán an wò kí wọ́n tó gé páálí. Kí ẹ má torí rẹ̀ yọ nọ́ńbà o; àwọn ìlú kan wà tí a ti ń ṣòde níhìn-ín tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró.

Ẹ tún mọ ìgbà tí ẹ máa lọ. Ìbò gómìnà tiwa kì í bá ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù rìn. Ó bọ́ sí oṣù kẹfà ní 2014, oṣù keje ní 2018, oṣù kẹfà ní 2022. Bí ó bá ti ń sún mọ́lé, pósítà ló ń gba gbogbo ẹ̀rọ ìlú, ọgọ́rùn-ún káàdì yín á sì máa dúró ní ìlà lẹ́yìn àwòrán olóṣèlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìparí ọdún, tí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ẹgbẹ́ bá ti wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀ tún àwọ̀ ara ìyàwó ṣe fún òun, kó lọ nígbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀, kí oṣù kẹwàá tó dé.