Ta ló ní torí kó lè jọ ewé ni aṣọ sójà ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa ọmọ Òkun: aṣọ sójà jọ ewé, ìdí nìyẹn tójú kì í fi í tó wọn nínú igbó. Èmi náà gbà á gbọ́, àfìgbà tí mo bá àbúrò bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n, lọ sóko wọn lẹ́yìn Mopa. Wọ́n nawọ́ sáàárín poro. N ò rí nǹkan kan. Wọ́n sọ òkò, aparò fò pẹrẹrẹ. Kò tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí wa!

Ṣé aparò wá jọ ewé ni? Ilà àti àbàwọ́n ara rẹ̀ ló gé e sí wẹ́wẹ́, tójú ò fi mọ ibi tí ọrùn parí sí àti ibi tí ìyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Orí àti èjìká lojú fi ń dá ènìyàn mọ̀ lókèèrè. Iṣẹ́ àbàwọ́n ńláńlá ara aṣọ sójà ni láti da ìrísí yẹn rú. Àwọ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ o, torí ẹni tó wọ àwọ̀ ewé lórí iyanrìn ń pe ọ̀tá ni. Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan ò tó.

Ayàwòrán ló gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀. Ṣòkòtò pupa làwọn sójà Faransé wọ lọ sógun ní 1914 (pupa, ẹ gbọ́ ná!). Ní 1915 ni wọ́n tó kó àwọn ayàwòrán jọ sábẹ́ Guirand de Scévola, kí wọ́n máa fi ọ̀dà bo àwọn ìbọn ńlá láṣìírí. Ní 1917, Norman Wilkinson, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n fi ilà dúdú àti funfun kun ọkọ̀ ojú omi gàdàgbà gàdàgbà. Ta ló fẹ́ fi ọkọ̀ pamọ́ lójú òkun? Ó fẹ́ kí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ṣi ibi tó kọrí sí mú ni, torí ibi tí ọkọ̀ máa dé ni wọ́n ń wò yìnbọn, kì í ṣe ibi tó wà.

Amẹ́ríkà ló wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ní 2004, wọ́n gbé aṣọ sójà tí àbàwọ́n rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin wínníwínní jáde, pé yóò bá igbó, aṣálẹ̀ àti ìgboro mu. Wínníwínní yẹn ti pọ̀ jù: téèyàn bá ti jìnnà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀ di àwọ̀ eérú kan ṣoṣo, sójà á dúró bí òpó. Ní 2010 wọ́n wá òmíràn fáwọn tó wà ní Afghanistan. Ní 2015 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ti gbogbo wọn.

Ọmọ àbúrò bàbá mi lọ ra ṣẹ́ẹ̀tì sójà ní Kàbà, ó ní òun fẹ́ máa fi ṣọdẹ (òfin ò gbà kí ará ìlú wọ̀ ọ́, ẹ má ní mi ò sọ). Láti òdìkejì oko la ti rí i, ó ń fọwọ́ lé eṣinṣin.

Bàbá rẹ̀ wò ó títí. “Aparò tèmi ti gun orí ebè.”