Èmi Tí Mo Lẹrù, Èmi Náà Lẹ Tì Mọ́ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe password manager, áàpù tó ń bá èèyàn tọ́jú gbogbo password rẹ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí, n ò sì ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìyà tẹ́ ẹ fi ń jẹ èèyàn kó tó lè gba orí búráúsà wọ inú àkántì ara rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọdọọdún ni mò ń sanwó yín, dọ́là lẹ sì ń gbà lọ́wọ́ èmi tó jẹ́ pé náírà ni mò ń pa. Àwọn password tó wà lọ́dọ̀ yín, èmi ni mo kó wọn síbẹ̀. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí mo nílò ẹrù mi gan-an lẹ ń wò mí bí olè?

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, lápá Òkè-Ajé. Mò ń bá àwọn èèyàn forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, mò ń tẹ ìwé ìgbaniwọlé JAMB, mò ń bá àwọn ọmọ Àgọ́-Ìwòyè kọ fọ́ọ̀mù. Gbogbo ibẹ̀ ló ń béèrè password, orí ta ló sì fẹ́ gba gbogbo rẹ̀? Àwọn tó mọ̀ nípa ààbò ló gbà wá nímọ̀ràn pé ká má ṣe lo password kan náà níbi méjì, ká jẹ́ kí áàpù bá wa ṣe èyí tó gùn tó sì lọ́jú pọ̀, kí àwa wá há ẹyọ kan ṣoṣo tó ń ṣí gbogbo wọn sórí. Ìmọ̀ràn gidi ni, mo sì tẹ̀ lé e. Password ímeèlì mi gan-an, áàpù yín ló bá mi ṣe é. Lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, àmì ìyanu, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. N ò mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ̀yin lẹ sì sọ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Fóònù mi wá kú. Ojú rẹ̀ ṣú, kò tàn mọ́, áàpù yín sì bá a lọ. Ó ku búráúsà orí kọ̀ǹpútà ìsọ̀. Mo tẹ ímeèlì mi, mo tẹ password àgbà, ó tọ̀nà, ẹ̀yin náà sì gbà pé ó tọ̀nà. Ni ẹ bá ní ẹ ò mọ kọ̀ǹpútà yìí rí, pé ẹ ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí ímeèlì mi. Ímeèlì wo? Èyí tí password rẹ̀ wà nínú àpò password tí mo ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣí! Bí ìgbà tí onílé bá ti yàrá ayálégbé pa, tó gba ojú fèrèsé ju kọ́kọ́rọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, tó wá ní kó wọlé lọ mú un. Mo tẹ ibi tẹ́ ẹ ti ní kí n gba ọ̀nà mìíràn. Fóònù tó kú náà ni ọ̀nà mìíràn. Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Lọ́dọ̀ tiyín, ọ̀nà méjèèjì, inú ibi tẹ́ ẹ tì pa ni wọ́n já sí.

Kọ̀ǹpútà yìí kì í sì í ṣe àjèjì o. Orí rẹ̀ ni mo ti ń wọlé tipẹ́, mo sì ti tẹ ibi tẹ́ ẹ ní kí n tẹ̀ kẹ́ ẹ lè máa rántí rẹ̀. Àmọ́ inú kúkì, àkọsílẹ̀ kékeré tí búráúsà máa ń tọ́jú, lẹ fi ìrántí náà pa mọ́ sí. Ọjọ́ tí ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe fọ fáírọ́ọ̀sì kúrò lára rẹ̀, tó gbá kúkì dànù mọ́ ọn, ọjọ́ yẹn lẹ gbàgbé mi.

Màmá kan jókòó tì mí ní gbogbo àkókò yìí. Òrù ni wọ́n ti wá, nítorí ìwé ọmọ wọn tó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ilé ìwé kí wọ́n tó tilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, ṣé kò tíì ṣí ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Mà. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé èèyàn ni mí."

Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wá wo ojú mi. "Ta ló ń bi ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Àwòrán kéékèèké mẹ́sàn-án ló wà níwájú mi, ẹ ní kí n mú gbogbo èyí tí páìpù panápaná wà nínú rẹ̀, àwọn páìpù kúkúrú tó máa ń wà lẹ́bàá títì ní Amẹ́ríkà. N ò rí irú rẹ̀ rí ní Fọlágbadé, n ò rí i ní Ìbàdàn Gáréèjì. Mo ń méfò rẹ̀ ni. Bí mo bá mú ọ̀kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa yí, òmíràn á máa yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fipá fà jáde, kó sì tó yọ tán, ẹ ti ní àkókò mi ti kọjá. Mo mọ ohun tó ń fa ìfura yín. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù wa máa ń kó ogunlọ́gọ̀ oníbàárà sórí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, bí ẹnì kan nínú wọn bá sì ń ṣe jìbìtì, gbogbo wa lẹ ń fi ojú oníjìbìtì wò. Èwo ló kan èmi àti màmá tó fẹ́ gba ìwé ọmọ wọn nínú ìyẹn?

Àbúrò mi tó wà ní Ṣàgámù ló padà gbà mí. Ímeèlì mi ṣì wà ní ṣíṣí lórí laptop àtijọ́ tí mo fún un. Mo yá fóònù aládùúgbò, mo pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i o, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti Èkó lẹnì kan ti fẹ́ wọlé. Ṣé Èkó lẹ wà ni?"

Èkó kẹ̀! Mo jókòó sí Òkè-Ajé nínú ìsọ̀ mi. Ibi tí àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ fóònù já sí lẹ wò, ẹ sì gbé e kalẹ̀ bíi pé ẹ fojú rí mi. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í fura, nọ́ńbà àjèjì ni mo fi pè é, ó ní kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ tí ìyá wa ń pè é nílé. Ó gbọ́n, n ò bá a wí. Kó tó gbà pé èmi ni, kóòdù ti kú. A bẹ òmíràn. Ó ń ka nọ́ńbà lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ, kọ̀ǹpútà sì kú fin. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ tó ń tọ́jú aago ti rẹ̀, nítorí náà, nígbà tí mo tan jẹnẹrétọ̀, déètì ti padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún, búráúsà ò gbà láti ṣí ojú ìwé yín àfi ìgbà tí mo tún un ṣe. Ojú ìwé yín náà ò rántí nǹkan kan mọ́. Ímeèlì, password, páìpù, kóòdù, gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí mo fi wọlé, ọ́fíìsì ilé ìwé ti palẹ̀ mọ́. Màmá padà sí Òrù lọ́wọ́ òfo, wọ́n sì tún ní láti wá. Ta ló máa san owó mọ́tò yẹn?

N ò sọ pé kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Ìlú tí àwọn ọmọ Yahoo ti ń ṣọ́ àkántì èèyàn ni mò ń gbé. Àmọ́ ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí LastPass, ilé-iṣẹ́ password manager bíi tiyín, lọ́dún 2022. Àwọn ọ̀daràn kó ẹ̀dà àpò àwọn oníbàárà lọ, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ṣé ojú ìwé tí oníbàárà ń gbà wọlé ni wọ́n gbà? Rárá. Kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ kan ń lò nílé ni wọ́n dọ́gbọ́n wọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ṣí ibi tí ẹ̀dà náà wà. Gbogbo ìdènà tẹ́ ẹ tò síwájú mi yìí kò lè dá irú wọn dúró. Èmi ló ń dá dúró.

Àwọn kan á ní kí n máa fi nọ́ńbà fóònù gba kóòdù. Ní Nàìjíríà tí a ti mọ síìmù yìí? Láìnì tí o kò bá lò fún oṣù 6, òfin gba ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti pa á. Bó bá tún pé oṣù 6 sí i, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Kóòdù tó ń ṣí gbogbo ayé mi á wá máa lọ sọ́wọ́ ẹni tí n ò mọ̀ rí.

Ohun tí mò ń béèrè ò le. Ẹ ò lè rí ohun tó wà nínú àpò mi, mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n áàpù tó wà lórí fóònù mi rí password ímeèlì yẹn lọ́jọ́ tí mo ń kó o pa mọ́. Kí ló dé tí kò fi pariwo lọ́jọ́ náà pé: ibí ni a ó máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí o, kọ password rẹ̀ síwèé kó o tó jáde? Kóòdù ìgbàpadà wà, èyí téèyàn lè fi wọlé bí ọ̀nà yòókù bá dí, ìgbà tí mo wọlé tán ni mo tó rí i, níbi tẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ sí lábẹ́ ètò ààbò. Ẹ gbé e síwájú! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parí ìforúkọsílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Kóòdù tí áàpù orí fóònù fúnra rẹ̀ ń ṣe, tó ń yí padà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30, ìyẹn ò burú, ọwọ́ ẹni ló wà. Èyí tẹ́ ẹ bá fi ímeèlì rán, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa kì í sáré.

Mo ti kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, ó ní kí n lọ wo ímeèlì mi. Owó ọdún tó ń bọ̀ ti sún mọ́lé. Bí n ò bá gbọ́ ohùn èèyàn látọ̀dọ̀ yín kó tó pé, n ó kó ẹrù mi síbòmíràn, n ó sì sọ ìdí tí mo fi kó o fún gbogbo oníkọ̀ǹpútà tó wà ní Òkè-Ajé.