ATV sẹ́mì-ọ́tò ní kílọ́ọ̀ṣì: ẹsẹ̀ òsì yín ló ń ṣí i

Wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gun ATV sẹ́mì-ọ́tò (ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gùn bí alùpùpù) pé kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà tó sì ń tú u, pé kó ṣáà di iná (ohun tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) mú kó máa fẹsẹ̀ gbá jíà bó ṣe ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ìka ọwọ́ máa ń fà, ni kò sí. Kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnnì, méjì ló sì sábà máa ń jẹ́.

Àkọ́kọ́ ní bàtà bíi ti bíréèkì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́, sípíríǹgì á fa bàtà náà mọ́ra, ATV á dúró jẹ́ẹ́ nínú jíà kìíní, kò sì ní kú. Tí ẹ bá tẹ iná, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí, bàtà á fẹ̀ síta, á gbá ìlù tó yí i ká mú, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìkejì ni àwọn awo pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, ẹsẹ̀ jíà, ìyẹn irin tí ẹsẹ̀ òsì yín ń tẹ̀ láti yí jíà, ló ń ṣí wọn. Láti ọdún 1958 ni Honda ti ń ṣe alùpùpù Super Cub láìsí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ètò yìí kì í ṣe tuntun.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ jíà díẹ̀díẹ̀. Á kọ́kọ́ rìn díẹ̀ kí jíà tó wọlé. Ìrìn díẹ̀ yẹn ló ń ṣí àwọn awo. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n wà ní ṣíṣí. Ìgbà tí ẹ bá tú u sílẹ̀ ni wọ́n á padà pàdé.

Ẹni tó wá di iná mú nígbà tó ń yí jíà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa ké lásán nítorí kò gbé ẹrù kankan. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, àwọn awo á gbá ara wọn mú lójijì, ATV á fò síwájú. Lórí òkè, táyà iwájú lè gbéra, kí ọkọ̀ sì dojú dé ẹni tó gùn ún. Eyín jíà náà á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, títí jíà á fi máa já fúnra rẹ̀.

Ẹ gbé àtàǹpàkò kúrò lórí iná pátápátá, ẹ tẹ ẹsẹ̀ jíà dé òpin lẹ́ẹ̀kan, ẹ rọra tú u sílẹ̀, kí ẹ tó tún fún un níná. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ẹ lè há sáàárín jíà méjì. Tí ẹ bá ń já jíà sílẹ̀, ẹ túbọ̀ rọra tú ẹsẹ̀, kí táyà ẹ̀yìn má baà wọ́ nílẹ̀. Kí ẹ tó fi sí rìfáàsì, ẹ dúró pátápátá.

Títan ọkọ̀ kò le: bíréèkì ìdúró, kọ́ọ̀kì tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì ní ṣíṣí, bọ́tìnnì pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì sí RUN, jíà sí fírì (ibi tí kò ti sí nínú jíà kankan), ṣóòkù (ohun tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù tètè tan) tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹ má tẹ sítátà ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì má fọwọ́ kan iná. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọn kì í dá ṣóòkù padà. Ṣóòkù ń mú kí ẹ́ńjìnnì yára, bàtà á ti ń mú ìlù, ọkọ̀ á sì fò gbàrà tí ẹ bá fi sí jíà kìíní. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná.

Ẹ má sì rò pé bí ti alùpùpù ni jíà rẹ̀ ṣe tò. Nínú ọ̀pọ̀ ATV, ìsàlẹ̀ jíà kìíní ni fírì wà, kì í ṣe láàárín kìíní àti kejì. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ wò.

Àwọn kan ní níwọ̀n bí kò ti ń kú, àwọn lè fi jíà kẹta gbéra. Á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàtà á máa yọ̀ lára ìlù, á gbóná, á sì jó. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ JASO MA sí lára, àmì pé ó bá kílọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ọ́ìlì mu, ni kí ẹ lò. Ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí èròjà inú rẹ̀ ń mú kí awo máa yọ̀.

Tí jíà bá ṣì ń le tàbí tó ń fò lẹ́yìn gbogbo èyí, ó lè jẹ́ pé àtúntò kílọ́ọ̀ṣì ti yẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní ìdè kan (síkúrù) pẹ̀lú nọ́ọ̀tì lára ìdérí ẹ́ńjìnnì, òun ni wọ́n fi ń tún un tò. Lára ọ̀pọ̀ Honda, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà, ẹ yí ìdè sí òsì títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ pé ó le, ẹ dá a padà sí ọ̀tún díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ sí ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan bí ìwé bá ṣe sọ, kí ẹ di ìdè náà mú nígbà tí ẹ bá ń fún nọ́ọ̀tì.