Ṣé kí n tú iwájú ẹ́ńjìnnì tí kò tíì ṣe mí ní nǹkan kan?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ra Dodge Ram tọ́kùnbọ̀ ti ọdún 1996, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì dísù Cummins lítà 5.9, kí n lè máa fi kó pákó láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ṣàgámù. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé pínnì irin kékeré kan wà lẹ́yìn ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì yìí, tó máa ń yọ fúnra rẹ̀, tó sì lè já sáàárín àwọn jíà táímìnì, ìyẹn àwọn jíà tó ń mú kí fáàfù àti písítìnnì máa rìn ní àsìkò tó bára mu. Ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, n kò sì gbọ́ ariwo kankan. Ṣé kí mẹkáníìkì tú ibẹ̀ wò kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó ẹrù, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Àgbà Awakọ̀ Ògijo: Ẹ má ṣe tú u. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá ti fi sípánà kan ẹ́ńjìnnì tọ́kùnbọ̀ ni wàhálà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Dísù Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́. Pínnì yẹn ló ń mú kí ilé jíà jókòó sójú ibi tó yẹ lára búlọ́ọ̀kù. Wọ́n kàn gbá a wọ inú ihò ni, wọn kò sì fi ohunkóhun dí ẹnu ihò náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná, tó ń tutù, tó sì ń gbọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún, díẹ̀díẹ̀ ni pínnì yóò máa rìn bọ̀ níwájú títí yóò fi bọ́. Bí orí bá ṣe é ní ire, yóò já lọ sínú àwo ọ́ìlì nísàlẹ̀, yóò sì jókòó síbẹ̀. Bí orí kò bá ṣe é, eyín jíà ni yóò gbé e, yóò fọ́ ilé jíà tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, tàbí kí ó ká jíà káàmù, èyí tó ń yí ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, léyín. Bí táímìnì bá sì ti lọ, fáàfù àti písítìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbára. Àwọn ẹ́ńjìnnì onífáàfù 12 tí wọ́n gbé sínú Dodge láti 1989 títí di 1998 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, tiyín sì wà nínú wọn. Ẹ tú u.

Ẹlẹ́rìn-ín Ìpẹru: Pínnì tí ẹnikẹ́ni kò lé, tó dìde fúnra rẹ̀, tó fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀! Ó dá mi lójú pé kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú kì í kúrò níbi tí owó bá ti ń wọlé.

Ọ̀gá Dísù Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ kò ní yé fi wa ṣẹ̀sín.

Ọmọ Rẹ́mọ Ṣàgámù: Kòtò ojú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ ló ń yọ ọ́, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹ kàn ní kí wẹ́dà jó o mọ́ ibẹ̀, ó parí.

Ọ̀gá Dísù Ìjẹ̀bú-Òde: Àbúrò, Amẹ́ríkà tí ọ̀nà wọn dán ni pínnì yìí ti kọ́kọ́ ń yọ, nítorí náà ẹ fi kòtò sílẹ̀. Ní ti jíjó, irin ni pínnì, alumíníọ̀mù sì ni ilé jíà. Àwọn méjèèjì kì í jó mọ́ra wọn, iná wẹ́dà yóò kàn ba ilé jíà jẹ́ ni. Ohun tí à ń ṣe ni pé kí a fi òòlù rọra gbá pínnì padà dé ìdí ihò, kí a wá gé irin pẹlẹbẹ kékeré kan, kí a tú bóòtì ilé jíà tó wà nítòsí rẹ̀, kí a fi bóòtì yẹn mú irin náà dúró kí ó bo ẹnu ihò. Àwọn mìíràn a máa fi pọ́ńṣì lu etí ihò kí ó lè dì mọ́ pínnì, ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ ni ọkàn mi balẹ̀ sí.

Ìyá Onígààrí Àgọ́-Ìwòyè: Èló ni ẹ fẹ́ ta ọkọ̀ náà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ má bínú, mà, kì í ṣe títà.

Àgbà Awakọ̀ Ògijo: Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ tà á lọ́la, ta ni yóò ra ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú? Gbogbo ẹni tó mọ ọjà tọ́kùnbọ̀ ló mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí oníbàárà ń béèrè ni bóyá wọ́n ti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà rí.

Olóòótọ́ Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Fáànù, bẹ́líìtì, púlì kíráǹkì àti ìdérí iwájú ni wọ́n máa tú. Wọn kò ní kan orí ẹ́ńjìnnì, wọn kò ní kan písítìnnì, wọn kò sì ní sọ àwo ọ́ìlì kalẹ̀. Ṣé ìyẹn ni ẹ ń pè ní títú ẹ́ńjìnnì?

Àgbà Awakọ̀ Ògijo: Bí ó bá ti ní gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já, wọ́n ti tú u nìyẹn.

Olóòótọ́ Ìkẹ́nnẹ́: Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí fáàfù náà ti tú ẹ́ńjìnnì, kò sì sí ọkọ̀ kan tí wọn kò tíì tú ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àgbà Awakọ̀ Ògijo: Èmi ti ń wa tirélà kí wọ́n tó bí yín. Mo mọ èyí tí wọ́n tú, mo sì mọ èyí tí wọn kò tú. Gásíkẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí oníbàárà bá ti rí síríkóònù, àtè tí mẹkáníìkì fi ń dí ojú ibi tí wọ́n tú, tó yọ létí ìdérí, yóò yí padà lọ.

Olóòótọ́ Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ ni yóò di pínnì mú. Oníbàárà tó sá nítorí síríkóònù kò ní rí nǹkan sọ lọ́jọ́ tí ọ́ìlì bá ń dà láti inú ilé jíà tó ti fọ́ sójú títì.

Ẹlẹ́rìn-ín Ìpẹru: Síríkóònù ti di ẹ̀rí ní kóòtù báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà kí pínnì sá lọ kí adájọ́ tó dé.

Àgbà Awakọ̀ Ògijo: Kò tíì dún. Ó ní kò dún. Kí ni ẹ fẹ́ wá níbẹ̀?

Ọ̀gá Dísù Ìjẹ̀bú-Òde: Pínnì kì í dún kí ó tó já, bàbá. Ariwo tí ẹ ń dúró dè ni ariwo jíà tó ti ń jẹ irin lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún onímọ́tò náà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn mẹkáníìkì ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: bí wọ́n bá ti ṣí iwájú, kí wọ́n tú àwọn bóòtì tó di ilé jíà mú sára búlọ́ọ̀kù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi àtè bóòtì tí kì í jẹ́ kí bóòtì tú sí wọn, kí wọ́n sì fi sípánà tó ń wọn agbára dì wọ́n dé fúútì-páùn 18, torí pé àwọn náà máa ń tú. Kí wọ́n pààrọ̀ síìlì iwájú kíráǹkì, kí wọ́n nu ojú kíráǹkì gbẹ kí ó má ní ọ́ìlì kankan kí wọ́n tó ti síìlì tuntun wọlé. Gbígbẹ ni síìlì yẹn ń fẹ́. Bí wọ́n bá fi ọ́ìlì pa á, jíjò ni yóò máa jò. Bí wọ́n bá sì ṣí i tí ihò wà ní òfo, kí wọ́n má ṣe dé e padà; kí wọ́n wá pínnì náà nínú àwo ọ́ìlì títí wọn yóò fi rí i.

Ọmọ Rẹ́mọ Ṣàgámù: Wẹ́dà tí mo mọ̀ ní Sábó máa ń jó alumíníọ̀mù.

Ọ̀gá Dísù Ìjẹ̀bú-Òde: Alumíníọ̀mù mọ́ alumíníọ̀mù nìyẹn. Mo ti dáhùn èyí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ṣé ìdajì ọjọ́ lè tó fún iṣẹ́ náà? Mo ti gba owó pákó lọ́wọ́ oníbàárà.

Àgbà Awakọ̀ Ògijo: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌ́DỌ̀ TÚ U. Mo ti sọ ọ́ láti òkè, mo tún ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí tí wọn kò tíì tú rí, tó sì fẹ́ tà á, kí ó bá mi sọ̀rọ̀. Owó mi wà nílẹ̀.

Olóòótọ́ Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ bá wa bi í léèrè bóyá ó fẹ́ ra pínnì rẹ̀ mọ́ ọn, àbí ọkọ̀ nìkan.