Vivid kọ́ ló ń jẹ́ kí géèmù dára lójú

Ẹ wọ ilé géèmù kan ní Mushin tàbí Bódìjà, kí ẹ gba rìmóòtù lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹ wo sẹ́tíǹsì àwòrán tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, Vivid tàbí Dynamic, ìyẹn ìlànà àwòrán tó ń mú kí àwọ̀ le kí ojú rẹ̀ sì tàn gan-an, lẹ ó bá níbẹ̀. Sharpness, èyí tó ń mú kí etí nǹkan hàn, á ti dé òkè téńté. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ Motion tàbí Clear sí lára, wọ́n á ti tàn án. Koríko pápá á wá ní àwọ̀ ewé tí Ọlọ́run ò dá rí. Ẹ sọ pé kí wọ́n dín in kù, ẹ ó gbọ́: “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ kó ṣókùnkùn ni?”

Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ nìyẹn: pé bí tẹlifíṣọ̀n bá ṣe ń tàn tó, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni géèmù ṣe máa dára tó lójú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwòrán tí kọ́ńsóòlù géèmù bíi PS5 tàbí Xbox fi ránṣẹ́ ti parí kó tó dé inú wáyà HDMI. Àwọn tó ṣe géèmù náà ti yan àwọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ àti òjìji rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń fi kún un lẹ́yìn náà, àbùmọ́ ni. Òmíràn nínú rẹ̀ tiẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ pàdánù góòlù.

Ọjà ni Vivid ti wá. Tí tẹlifíṣọ̀n ogún bá to ara wọn sí ògiri ní Alaba, tí iná gbọọrọ funfun ń jó lókè, èyí tó tàn jù lojú oníbàárà máa lọ bá. Àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi ní ìlànà àfihàn fún ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé bí ẹ bá tún un ṣe, á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ní pálọ̀ yín lálẹ́, kò sí tẹlifíṣọ̀n mìíràn tí yóò bá a díje. Vivid tún máa ń ti funfun sí búlúù. Funfun tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù àti géèmù sún mọ́ 6500K (Kelvin, ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀; bó bá ṣe ga tó ló ṣe ń di búlúù), ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gan-an; Vivid máa ń kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ẹ wo jẹ́sì Real Madrid lórí rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò funfun.

Èyí tó burú jù ni ti Motion. LG ń pè é ní TruMotion, Samsung ń pè é ní Auto Motion Plus tàbí Picture Clarity, Sony ń pè é ní Motionflow. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń hùmọ̀ àwòrán tí géèmù ò fi ránṣẹ́, wọ́n ń kì í bọ àárín méjì tó fi ránṣẹ́, kí ohun gbogbo lè máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń náni. Géèmù bọ́ọ̀lù lórí PS5 ń rán àwòrán 60 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó milisẹ́kọ́ǹdù 17. Tẹlifíṣọ̀n ò lè hùmọ̀ ohun tó wà láàárín àwòrán kìíní àti ìkejì láìjẹ́ pé ìkejì ti dé ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, á di kìíní mú, á dúró de ìkejì, á ṣírò, kó tó wá fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ fi àwọn iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe sí àwòrán náà kún un, lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àpapọ̀ rẹ̀ máa ń lé ní milisẹ́kọ́ǹdù 100. Àwòrán mẹ́fà ti lọ nìyẹn kí ìka tí ẹ tẹ̀ tó hàn lójú yín. Ẹ ti gbá pásì, ṣùgbọ́n dífẹ́ńdà tí ẹ ń wò kò sí níbi tí ẹ ti ń wò ó mọ́.

Ẹni tó ń lo Timed Finishing, ọ̀nà ìgbá bọ́ọ̀lù sí àwọ̀n tí wọ́n mú wọ géèmù FIFA 19, ló máa mọ̀ ọ́n lára jù. Ẹ ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kejì ní àkókò tí ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù gẹ́lẹ́, àkókò náà kò sì ju àwòrán bíi mélòó kan lọ. Tí tẹlifíṣọ̀n bá fi àwòrán mẹ́fà pa mọ́ fún yín, ẹ kàn ń ta tẹ́tẹ́ ni. Ẹni tó bá sọ góòlù nù á wá pariwo pé páàdì ń wọ́. Wọ́n á pààrọ̀ páàdì, wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀, páàdì ò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ sáré pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù kan kí ẹ sì yí i lójijì, kí ẹ máa wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí Motion bá wà ní títàn, etí orúkọ náà á máa fọ́, bí ẹni pé omi ta sí i. Tẹlifíṣọ̀n ló ń méfò níbẹ̀. Kódà àwọn onífíìmù ti fárígá: ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Tom Cruise ṣe fídíò kékeré kan láti fi bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n pa Motion lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Fíìmù tí ẹ kàn jókòó wò nìyẹn o, tí ẹ ò ní páàdì lọ́wọ́.

Oògùn rẹ̀ ni Game Mode, ìlànà àwòrán fún géèmù nínú sẹ́tíǹsì tẹlifíṣọ̀n. Ó ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, ìdádúró náà á sì wá sílẹ̀, ní ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní, sí ìsàlẹ̀ milisẹ́kọ́ǹdù 20.

Sharpness ńkọ́? Kò fi ohunkóhun kún àwòrán. Ìlà tó mọ́lẹ̀ ló ń fà yí etí nǹkan ká. Ẹni tó lé tìróò, ojú rẹ̀ á hàn ketekete, ṣùgbọ́n kò tìtorí ẹ̀ ríran ju tàná lọ. Ẹ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ wo ara agbábọ́ọ̀lù lórí koríko, ẹ ó rí ìlà funfun náà. Lórí Sony, 50 ni ibi tí kò ti fi nǹkan kan kún un; lórí ọ̀pọ̀ Samsung, 0 tàbí ìtòsí rẹ̀ ni.

Ọmọ ìyá ìgbàgbọ́ yìí ni ti RGB Range lórí PlayStation, sẹ́tíǹsì tó ń sọ nọ́ńbà tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí funfun parí sí. Wọ́n á rí Limited, wọ́n á rí Full, wọ́n á yan Full, torí ta ló fẹ́ àbọ̀? Limited ń fi dúdú sí 16 àti funfun sí 235. Full ń lo 0 dé 255. Kò sí èyí tó dára ju èkejì lọ níbẹ̀, kí kọ́ńsóòlù àti tẹlifíṣọ̀n ṣáà ti gbà fún ara wọn. Tí kọ́ńsóòlù bá rán Full, tí tẹlifíṣọ̀n ń retí Limited, gbogbo ohun tó wà nínú òkùnkùn á di dúdú kan ṣoṣo, ọ̀tá á sì fara pa mọ́ síbẹ̀ fún yín. Ẹ fi sí Automatic.

Wáyà HDMI olówó ńlá tí wọ́n fi wúrà pa lẹ́nu kò lè mú àwọ̀ dára sí i. Èyí tó wà nínú páálí PS5 tó fún 4K ní àwòrán 120 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan.

Mo gbà pé yàrá tí oòrùn ń wọ̀ lọ́sàn-án nílò ìmọ́lẹ̀. Backlight, ìyẹn iná tó wà lẹ́yìn ojú tẹlifíṣọ̀n, ni kí ẹ gbé sókè nígbà náà, kì í ṣe Contrast, kì í sì í ṣe Vivid. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, Brightness ń sọ dúdú di eérú ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun kan tó máa ń tan ènìyàn jẹ: ojú HDMI kọ̀ọ̀kan ló ní sẹ́tíǹsì tirẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Tí ẹ bá tún HDMI 1 ṣe tán, tí ẹnìkan wá yọ wáyà náà kó lè fi dẹ́kódà sí i, tó sì ki kọ́ńsóòlù bọ HDMI 2, Vivid lẹ tún máa bá níbẹ̀.