Àbùlà kọ́ ló ń ba sólà jẹ́

Bí ẹlẹ́mu bá tà yín ní àbùlà, ẹ ó bínú. Irú ojú yẹn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo perovskite, ohun tuntun tí wọ́n ń fi ṣe sólà: wọ́n ní bí kò bá ṣe ní àdàlù tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ fi wé àgò adìẹ. Òjé àti ayódíìnì ni igi àgò, èròjà kẹta ni adìẹ inú rẹ̀. Formamidinium àti sísíọ̀mù wà lára àwọn tó lè jẹ́ adìẹ yìí. Formamidinium nìkan tóbi jù, àgò ń fún un. Sísíọ̀mù nìkan kéré jù, igi àgò á wọ́. Ojú lásán lẹ fi máa rí i lórí gíláàsì: ohun dúdú tó ń gba oòrùn mu á sọ àwọ̀ nù, á pọ́n bí ìyeyè. Kí formamidinium tó tún dúdú, ó fẹ́ ooru bí 150°C. Ti sísíọ̀mù ju 300 lọ. Òrùlé ta ló ń gbóná tó yẹn?

Ẹ wá bu sísíọ̀mù díẹ̀ lu formamidinium, dúdú náà á dúró. Àgò bá wọn mu báyìí. Èyí tó wù mí jù ni pé nígbà tí wọ́n bá pọ́n, ìrísí wọn kò jọra rárá, wọn kì í fẹ́ lù pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà àtipọ́n le fún àdàlù ju fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ. Ní 2009, ní Japan, èyí tí kò ní àdàlù sọ 3.8% nínú agbára oòrùn di iná. Ní 2016, àdàlù tí irú adìẹ mẹ́ta wà nínú àgò rẹ̀ kọjá 21%. (Gbẹ̀gìrì àti ewédú nínú àwo kan náà, àbùlà là ń pè é, ta ló kọ̀ ọ́?)

Àmọ́ àdàlù kan wà tí kò dáa. Bí brómíìnì bá pọ̀ mọ́ ayódíìnì nínú igi àgò, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ á pín wọn níyà. Olùwádìí kan, Eric Hoke, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní 2015. Ẹ gbé e sókùnkùn, wọ́n á tún lù pọ̀.

Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wúlò. Ó ń ṣírò bóyá agbára inú èròjà náà fúnra rẹ̀ (kì í ṣe iná tó ń mú wá) á dín kù bí àdàlù bá tú ká; bó bá dín kù, á fẹ́ tú ká. Àpótí kékeré oníjókòó 8 nínú ìṣirò náà, tí èròjà méjì pín sí ọgbọọgba, ní ọ̀nà 70 tí wọ́n lè gbà jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn jọra. Ìwọ̀n àdàlù kan ṣoṣo nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kọ̀ǹpútà ti rí èyí tó dúró, mo máa ń béèrè: ṣé ní -273°C, níbi tí kò sí ooru kankan, ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀? Ṣé wọ́n ka ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdàlù irú ti Hoke lè yege nínú kọ̀ǹpútà, kó tú ká lọ́sàn-án gangan.